Káàdì tí a kì í tà: àlàyé lórí iṣẹ́ ọnà ọwọ́ tí à ń fi ránṣẹ́ láti pósítọ́fíìsì

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Màmá tó jókòó lẹ́yìn káńtà pósítọ́fíìsì ló bi mí bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹ́ńfílóòpù mi lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń gbé e sókè sódò bí ẹni tó ń wọn góòlù.

"Káàdì ni, mà."

"Káàdì ìyàwó?"

"Rárá, mà. Èyí tí mo fọwọ́ ṣe ni. Àdìrẹ ni mo lẹ̀ mọ́ páálí."

"Èló ni wọ́n rà á lọ́wọ́ ẹ?"

"Wọn ò rà á, mà."

"O fi ta wọ́n lọ́rẹ?"

"Kì í ṣe ọrẹ náà, mà. Àwọn náà á fi tiwọn ránṣẹ́ sí mi."

"O mọ̀ wọ́n rí?"

"Rárá, mà."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Àdírẹ́sì Jámánì ló wà lójú ẹ́ńfílóòpù. Bàbá kan tó tò sẹ́yìn mi ti ń pòṣé. "Ẹ̀yin ọmọ yìí," ni màmá wí, ó sì fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó ń wá sìtáǹbù.

Mi ò bínú sí i. Ohun tó bi mí yẹn ni gbogbo èèyàn ń bi mí ní Abẹ́òkúta níbí: àwọn ará ilé, àwọn ọ̀rẹ́, títí kan àwọn aládìrẹ Ìtòkú tí mo máa ń lọ tọrọ àjákù aṣọ lọ́wọ́ wọn. N kì í dáhùn kó tẹ́ wọn lọ́rùn, torí òró ni mo máa ń wà, ọkàn onítọ̀hún sì máa ń wà lórí ọjà rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́ lónìí.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò le. Ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọnà kékeré kan, ó fi í ránṣẹ́ láti pósítọ́fíìsì sí ẹlòmíì tó ń ṣe irú rẹ̀, ẹni yẹn sì fi tirẹ̀ dá a lóhùn. Owó sìtáǹbù àti owó ẹ́ńfílóòpù nìkan ló ń jáde lápò. A kì í díye lé iṣẹ́ ara wa. Tèmi lè gba ọjọ́ méjì, tìrẹ lè gba wákàtí kan, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì léèrè. Ohun tó ń dà á rú mọ́ àwọn èèyàn lójú ni pé ó ju ẹ̀yà kan lọ, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, wọ́n á wá po gbogbo rẹ̀ pọ̀ bí àdàlú.

Ẹ jẹ́ ká mú irú èyí tí mo fi ránṣẹ́ yẹn ṣáájú. Ìlú Zürich ní Switzerland ló ti bẹ̀rẹ̀. Oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ M. Vänçi Stirnemann fọwọ́ ṣe káàdì 1,200, ó pàtẹ wọn fún aráyé wò ní 1997. Nígbà tí àtẹ náà fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, kò wá oníbàárà. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀ lọ ṣe tirẹ̀ wá, kí àwọn jọ pààrọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní artist trading card nìyẹn, ATC lẹ́nu àwa tó ń ṣe é. Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ. Mìlímítà 64 sí 89 ni ìwọ̀n rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé. A kì í sì í tà á. Bí ẹnì kan bá ṣe é ní ìwọ̀n yẹn tó sì tà á, kò rú òfin ìjọba kankan, orúkọ rẹ̀ ló yí padà: ACEO ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n ń tà. Ẹni tí kò bá ní rúlà, kó mú káàdì ATM rẹ̀ jáde. ATC fi sẹ̀ǹtímítà 1 fẹ̀ jù ú lọ, ó sì fi díẹ̀ tí kò tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà gùn jù ú. Bí mo ṣe ń wọn tèmi nìyẹn títí mo fi ra rúlà.

Ẹ̀yà kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní mail art. Ìyẹn kò ní ìwọ̀n. Ẹ́ńfílóòpù, sìtáǹbù, òǹtẹ̀ tí pósítọ́fíìsì lù mọ́ ọn, ìdọ̀tí tó kó lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ló di iṣẹ́ ọnà. Tí wọ́n bá ń pìtàn rẹ̀, orúkọ Ray Johnson, ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní 1927, ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Láti àwọn ọdún 1950 ló ti ń fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ojúlùmọ̀ àti àjèjì, á kọ ọ́ sí i pé kí wọ́n fi nǹkan kún un, kí wọ́n dá a padà fún òun tàbí kí wọ́n tì í síwájú sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Àgbájọ náà wá ń jẹ́ New York Correspondance School. Ẹni tó mọ sípẹ́lì á ní wọ́n ṣi í kọ. Wọn ò ṣi í kọ o. Johnson mọ̀ọ́mọ̀ fi dance, ijó, parí ọ̀rọ̀ náà ni, pé bí ẹnì kan bá gbẹ́sẹ̀, kí ẹnì kejì náà gbé tirẹ̀. Ní 1970, Whitney Museum ní New York pàtẹ ohun tí àwọn tó ń bá a kọ̀wé fi ránṣẹ́. Títí dòní, tí wọ́n bá pe àtẹ mail art, àṣà ibẹ̀ ni pé a kì í ṣà á: gbogbo ohun tó bá dé ni wọ́n á gbé sára ògiri, ti ọ̀gá àti ti ọmọdé. Wọn kì í gbowó ìwọlé lọ́wọ́ ẹni tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, wọn kì í sì í dá iṣẹ́ padà. Wọ́n á kàn fi ìwé tí orúkọ gbogbo ẹni tó kópa wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí olúkúlùkù.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ yẹn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tó rò pé ATC lòun ń ṣe á máa retí káàdì kan fún káàdì kan. Ẹni tó wà lódìkejì á rò pé mail art ni, á gbé e sára ògiri, á sùn. Kí ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́, ẹ béèrè: ṣé pàṣípààrọ̀ ni àbí àtẹ?

Pósítíkáàdì lásán tún wà, irú èyí tí ìkànnì Postcrossing, tó bẹ̀rẹ̀ ní Portugal ní 2005, ń ṣe ètò rẹ̀. Káàdì tí wọ́n tẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹni tí ẹ bá sì fi ránṣẹ́ sí kọ́ ló máa fi ránṣẹ́ sí yín, ẹlòmíì ni. Ẹ lè fi tọwọ́ yín ránṣẹ́, àmọ́ ẹ má retí pé tọwọ́ náà ló máa padà wá. Ẹ̀yà kẹrin ni sìtáǹbù àtọwọ́dá, tí oníṣẹ́ ọnà yà fúnra rẹ̀, tó gún etí rẹ̀ ní ihò wínníwínní bíi ti ìjọba. Ó dára láti wò. Ẹ̀yìn ẹ́ńfílóòpù tàbí apá òsì ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó yẹ kí sìtáǹbù gidi wà, ẹ ti fẹ́ rẹ́ ìjọba jẹ nìyẹn.

Ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa, ní Kẹ́mta, gbọ́ gbogbo èyí tán, ó ní, "Ṣé àrokò lẹ̀ ń pa ni?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ yìí, ohun tí èèyàn lè fọwọ́ kàn ni wọ́n fi ń bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀: owó ẹyọ, ìyẹ́ ẹyẹ, òkúta, èédú, àjákù ẹní, wọ́n á so ó mọ́ okùn, wọ́n á fi rán oníṣẹ́. Ẹyọ méjì tó kọjú síra, ọ̀rẹ́ ni. Tí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Ẹyọ mẹ́fà ni ọ̀dọ́mọkùnrin ń dì ránṣẹ́ sí ẹni tó wù ú, torí pé "fà" wà nínú mẹ́fà: ọkàn mi fà sí ọ. Bí ọmọbìnrin náà bá gbà, mẹ́jọ ló máa fi dáhùn: ọ̀rọ̀ wa jọ. Ẹ ò rí i pé ẹyọ ni wọ́n fi dáhùn ẹyọ. Kò sẹ́ni tó ka ẹyọ yẹn sówó lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ni wọ́n ń ná lọ́jà.

Ibi tí wọ́n ti jọra nìyẹn, mo sì gbà fún ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n àrokò ní ìtumọ̀ kan pàtó, ẹni tó bá ṣì í tú lè dá ogun sílẹ̀. Káàdì tèmi kò ní ohun tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ tú. Ẹni tó ń pàrokò sì mọ ẹni tó ń pa á fún. Èmi, àdírẹ́sì nìkan ni mo mọ̀. Ohun mìíràn tún ni pé ìyẹ́ ẹyẹ tí àwọn baba wa fi ń pàrokò, kọ́sítọ́ọ̀mù ayé ìsinyìí kò ní jẹ́ kó wọlé. Australia àti New Zealand le jù nínú èyí: ewé, èso, kóró, ìyẹ́, igi tí kòkòrò lè wà nínú rẹ̀, tí wọ́n bá rí i, wọ́n lè dáná sun ún. Ẹ fi sílẹ̀ nílé. Owó bébà náà ńkọ́? Àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú òkèèrè fẹ́ràn láti gé owó lẹ̀ mọ́ káàdì. Ẹ má fi náírà ṣe é. Òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ka bíba náírà jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé. Ìtòkú ni mo ti ń rí aṣọ. Ilẹ̀ ìsọ̀ àwọn aládìrẹ kì í wọ́n àjákù, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn tó ń ránṣọ pọ̀ mọ́ títà, wọ́n á sì ní kí n máa kó o lọ kí ilẹ̀ lè mọ́. Ẹni tí kò bá mọ àdìrẹ á rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Oníko ni èyí tí wọ́n fi okùn dì kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ó máa ń yọ òbíríkítí funfun. Alábẹ́rẹ̀ ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán pinpin. Ẹlẹ́kọ ni wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí, kí aró má bàa mú ibẹ̀. Fífi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ náà ni Ìbàdàn fi gbajúmọ̀. Níbí, páànù tí wọ́n gé ọnà sí ni wọ́n ń gbé lé aṣọ, kí wọ́n tó fa ẹ̀kọ kọjá lórí rẹ̀. Èmi fẹ́ràn oníko fún káàdì, torí òbíríkítí kan ṣoṣo lè gba gbogbo ojú rẹ̀. Bí oṣù tó yọ lójú ọ̀run aró ló ń rí.

Kí n tó gé e, mo máa ń fi aṣọ funfun tútù nù ún lára. Bí aró bá ṣí mọ́ funfun yẹn, kò tíì ṣeé lò, ó ní láti padà sínú omi. Tó bá mọ́, mo á lọ̀ ọ́, mo á gé e kó fi ínǹṣì kékeré lé sí ti káàdì. Páálí kọ́ọ̀nfúléèkì ni mo fi ń gbé e dúró, torí kò nípọn jù, kì í sì í tètè ká. Gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń fẹ́. Tó bá pọ̀, á rin aṣọ gbá, àbàwọ́n rẹ̀ á sì hàn lójú káàdì bí epo. Mo á gbé ìwé atúmọ̀ èdè lé e lórí di àárọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo á wá gé etí rẹ̀ dọ́gba, mo á fọwọ́ rán an yí ká kí òwú má bàa máa yọ. Ní ẹ̀yìn, mo á kọ orúkọ mi, ọjọ́ tí mo ṣe é, àti iye rẹ̀. Tí mo bá ṣe 10 tó jọra, èkẹta á jẹ́ 3/10. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, 1/1.

Mo ti jìyà àìmọ̀kan níbí. Púpọ̀ nínú àdìrẹ tí wọ́n ń ṣe báyìí, àbẹ́là ni wọ́n ń yọ́ sí aṣọ dípò ẹ̀kọ, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń yọ ọ́ kúrò tí wọ́n bá rẹ aró tán. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gba àjákù kan tí àbẹ́là rẹ̀ kò tíì kúrò tán. Ó ń dán, mo ní bóyá bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo fi ránṣẹ́ sí Portugal ní oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn Abẹ́òkúta ń ta bí ata. Àpò lẹ́tà gbóná, àbẹ́là yọ́, káàdì lẹ̀ mọ́ ẹ́ńfílóòpù pátápátá. Ẹni tó gbà á ya fọ́tò rẹ̀ sí mi: ọnà àdìrẹ mi ti fi òróró tẹ ara rẹ̀ sójú ẹ́ńfílóòpù, bó ṣe wà lára aṣọ gẹ́lẹ́, àdírẹ́sì sì wà láàárín rẹ̀. Ojú tì mí. Òun ní ẹ́ńfílóòpù yẹn lòun máa kọ́ sára ògiri. Ó fi káàdì tirẹ̀ ránṣẹ́, kò yọ ohunkóhun kúrò níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí dáadáa, torí òun ló ń da lẹ́tà púpọ̀ padà. Lẹ́tà tàbí pósítíkáàdì tó bá ń rin ilẹ̀ òkèèrè kò gbọ́dọ̀ kéré sí mìlímítà 90 sí 140. ATC kò tó bẹ́ẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe lè lẹ sìtáǹbù mọ́ ọn lásán kí ẹ sọ ọ́ sínú àpótí. Inú ẹ́ńfílóòpù ló gbọ́dọ̀ wà. Ẹ́ńfílóòpù kékeré tó kéré lówó kò gbọ́dọ̀ nípọn ju mìlímítà 5 lọ, kò sì gbọ́dọ̀ wúwo ju gíráàmù 100. Ìlẹ̀kẹ̀, bọ́tìnnì àti owó ẹyọ ló sábà ń mú kó nípọn, òun náà ló sì ń fa ẹ́ńfílóòpù ya nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀ lókè òkun. Nígbà òjò, mo máa ń fi nílọ́ọ̀nù pọ́n káàdì mi kó tó wọ ẹ́ńfílóòpù. Nílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà tí mo fọ̀, tí mo sá gbẹ, tí mo gé, ṣe é lò gan-an.

Ìbéèrè kan wà tí n kò rí ẹni tó béèrè rẹ̀ yàtọ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní pírámárì: "Ẹni tó máa gbé e délé wọn ní Jámánì, ta ló ń sanwó fún un?" Ọmọ náà gbọ́n. Náírà ni mo san ní Abẹ́òkúta, pósítọ́fíìsì Nàìjíríà ló sì gbà á. Bó ṣe rí ni pé àwọn orílẹ̀-èdè ti ṣe àdéhùn láti 1874, ní ìlú Bern, pé kí ayé di ilẹ̀ kan ṣoṣo fún lẹ́tà: ẹni tó fi ránṣẹ́ sanwó lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Àjọ tó ń bójú tó o ni Universal Postal Union, Nàìjíríà wọ̀ ọ́ ní 1961, ọdún kejì òmìnira. Nígbà yẹn, ohun tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá gbà ló ń kó sápò, wọ́n gbà pé ẹni tó bá gba lẹ́tà náà á fi èsì ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ á dọ́gba. Kò dọ́gba. Ní 1969 ni wọ́n fẹnu kò pé orílẹ̀-èdè tó bá fi lẹ́tà ránṣẹ́ á máa san nǹkan fún èyí tó ń bá a pín in délé. Àárín wọn nìyẹn. Kò kan èmi àti ẹ̀yin.

Ohun tó kàn wá ni pé sìtáǹbù Nàìjíríà kò ní agbára kankan ní Jámánì. Ẹ ò lè fi sínú lẹ́tà kí ẹ ní kí wọ́n fi dáhùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe kúpọ́ọ̀nù èsì ní 1906: wọ́n á rà á ní ìlú kan, ẹni tó gbà á á fi gba sìtáǹbù ní ìlú tirẹ̀. Kúpọ́ọ̀nù yìí gan-an ló sì bí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà mọ̀. Ní 1920, ọkùnrin kan ní Boston, Charles Ponzi, ń sọ fún aráàlú pé kúpọ́ọ̀nù lòun ń rà ní pọ́ọ́kú ní Yúróòpù, tóun ń pààrọ̀ lọ́wọ̀n-ún ní Amẹ́ríkà, pé owó tí wọ́n bá kó fóun, èrè ìdajì rẹ̀ á wọlé láàárín ọjọ́ 45. Irọ́ ni. Owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló fi ń san ti ẹni tó ti wà nílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí bàbá tó ń pòṣé lẹ́yìn mi bi mí lójú títì pé, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ponzi lo wọ̀ yẹn?", kò jìnnà sí pósítọ́fíìsì bó ṣe rò.

Mo dá a lóhùn pé kì í ṣe òun, ẹ sì lè fi ohun tí mo sọ fún un wọn èyíkéyìí tí wọ́n bá pè yín sí. Wọn kì í béèrè owó ìforúkọsílẹ̀ nínú pàṣípààrọ̀. Wọn kì í sọ pé kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni 6, kí 36 lè padà wá; tí ẹ bá ti gbọ́ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, ẹ sá. Wọn kì í béèrè nọ́ńbà báńkì, BVN tàbí fọ́tò ìwé ìdánimọ̀. Orúkọ àti àdírẹ́sì ni, ó tán.

Àdírẹ́sì wá ni wàhálà wa gan-an. Bí a ṣe ń júwe ilé ní Abẹ́òkúta, ẹ mọ̀ ọ́n: ẹ dé Panṣẹ́kẹ́, ẹ bèèrè ìyá alátàrẹ́, ilé alájà kan tó kọjú sí fọkanáísà. Ìyẹn kò ṣeé kọ sí ẹ́ńfílóòpù tó ń bọ̀ láti Japan. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fúngbà pípẹ́, kó gba P.O. Box, ọdọọdún ni wọ́n ń san owó rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ náwó bẹ́ẹ̀, kó bẹ ibi iṣẹ́ rẹ̀ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó ní àpótí, kó sì kọ c/o síwájú orúkọ wọn. Ẹ kọ nọ́ńbà agbègbè náà, nọ́ńbà mẹ́fà ni, 11 sì ni ti Abẹ́òkúta níbí ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ìlà tó kẹ́yìn ni orúkọ orílẹ̀-èdè, ní lẹ́tà ńlá. Tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ sí Jámánì, GERMANY ni kí ẹ kọ, kì í ṣe Deutschland nìkan, torí àwọn tiwa níbí ló máa kọ́kọ́ kà á. Ẹ kọ àdírẹ́sì tiyín náà sí ẹ̀yìn. N kì í fi àdírẹ́sì ilé mi síta fún ẹni tí n kò mọ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọdé ló ń ṣe é. Àpótí dára fún ìyẹn náà.

Fọ́ọ̀mù CN22, èyí tí a fi ń sọ ohun tó wà nínú ẹ́ńfílóòpù fún kọ́sítọ́ọ̀mù, máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn lásán. Lẹ́tà tó jẹ́ ìwé nìkan kò nílò rẹ̀. Bí nǹkan mìíràn bá wọ̀ ọ́, bí aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ohun tí ẹ rán, kọ́sítọ́ọ̀mù ìlú tó ń lọ fẹ́ mọ̀. Ẹ kọ ohun tó jẹ́ gan-an ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: handmade card, paper and cloth. Tí ẹ bá kọ gift lásán, wọ́n á ní ẹ̀bùn kí ni. Ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ fàmì sí ẹ̀bùn wà lọ́tọ̀. Níbi iye owó, òdo kì í tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹ kọ iye tí páálí, aṣọ àti òwú lè jẹ́. Ẹ buwọ́ lù ú. Tí ẹ bá sanwó kún un kí wọ́n lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà tó rí báyìí: RR123456785NG. R tó ṣáájú ń sọ pé lẹ́tà tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni. NG tó parí rẹ̀ ń sọ ibi tó ti gbéra. Tí wọ́n bá ní nǹkan yín ń bọ̀ láti Jámánì, DE ló máa parí rẹ̀. Ẹni tó bá fún yín ní nọ́ńbà tí NG parí rẹ̀, tó ní Jámánì lòun ti fi ránṣẹ́, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ó di sùúrù. Mo ti gba káàdì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ti gba òmíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn iṣẹ́ yín kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, torí ẹ lè má rí i mọ́. Tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n sọ. Tí tiwọn bá dé, kí ẹ̀yin náà sọ lọ́jọ́ náà. Kò burú kí ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan tó bá pẹ́ jù. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo gbà pé ó ti sọnù nìyẹn, a ò ní torí páálí pe ara wa ní olè. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá máa dùn lọ́kàn jù, kó bẹ̀rẹ̀ nínú èyí tí alábòójútó wà: gbogbo yín á fi káàdì 5 ránṣẹ́ sí ẹnì kan, òun á pò ó pọ̀, á sì fi 5 láti ọwọ́ èèyàn 5 ránṣẹ́ padà sí kálukú. Ìyẹn kì í tètè já sófo.

Ti Jámánì yẹn gba oṣù mẹ́rin. Mo ti gbàgbé rẹ̀ nígbà tí mo lọ ra sìtáǹbù mìíràn, tí màmá káńtà sì pariwo, "Ọmọ Jámánì! Tìẹ dé o." Kò fún mi kí n máa lọ. Ó dúró tì mí kí n ṣí i níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì kan tó ti ṣá ni wọ́n fi òwú pupa rán mọ́ àjákù aṣọ tábìlì funfun, ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ náà wọ́, kò gún régé. Màmá gbé e lé ìka, ó yí i síwájú sẹ́yìn, ó ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Èyí náà lo ń dúró dè láti ọjọ́ yìí?"

"Òun ni, mà."

Ó tún wò ó. "Wá ṣe tèmi náà."

"Kí lẹ máa fún mi, mà?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo rò pé á lé mi jáde ni. Ó ya bébà kékeré kan lára ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó gbé òǹtẹ̀ ọjọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ tàdáwà, ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó yí ọwọ́ díẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, òbíríkítí mẹ́ta gbé ara wọn lé bíi ti oníko. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ, ó tì í sí mi lórí káńtà.

Mo gé e sí mìlímítà 64 sí 89 nílé. Mo kọ 1/1 sí ẹ̀yìn rẹ̀.